Bàbá Kóòtù Tí Kì í Gbẹ̀bẹ̀

Bí àwọn ẹlẹ́bẹ̀ bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán ilé wa ní Òkè-Ìmẹ̀sí, Bàbá àgbà mi á ki pákò bọ ẹnu. Kì í ṣe pé eyín rẹ̀ dọ̀tí. Ó lè ti fọ ẹnu tán, kó ti mu ẹ̀kọ tán pàápàá. Ṣùgbọ́n ẹni tí pákò wà lẹ́nu rẹ̀ kò lè dá ènìyàn lóhùn, ohun tó sì fẹ́ gan-an nìyẹn. Àwọn obìnrin wọn á kúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀. Wọ́n á ní ọmọdé ló ń ṣe é, wọ́n á ní iṣẹ́ èṣù ni, wọ́n á ní bàbá ọmọ náà àti Bàbá jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì, kó jọ̀ọ́ bá wọn fojú fo ẹjọ́ ọ̀la. Bàbá á máa fọ eyín lọ, á máa wo òkè tó yí ìlú wa ká bí ẹni tí kò rí òkè rí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu wọn, á tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, á béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo:

"Ẹni tí kò ní irú yín tó máa rán wá ńkọ́?"

Ọdún tó kọjá ló kú. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, ó wà lára àwọn mẹ́ta tó ń jókòó dá ẹjọ́ ní kóòtù ìbílẹ̀ kan ní apá ọ̀dọ̀ wa níbí, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ àdúgbò fi ń pè é ní Bàbá Kóòtù. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni mí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo dàgbà sí lẹ́yìn tí bàbá tó bí mi kú. Mo ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún báyìí, irin àti símẹ́ǹtì ni mo ń tà ní Àràmọkọ, ẹ̀rù sì máa ń bà mí láti kọ irú nǹkan báyìí sílẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má retí pé màá dárúkọ ilé-iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, tàbí ìlú tí kóòtù ibẹ̀ ti dá ẹjọ́ mi. Ilé-iṣẹ́ náà ṣì wà níbi tó wà. Èmi náà ṣì wà níbi tí mo wà, mo sì ní ìyàwó àti ọmọ.

Ní ti ìdájọ́, Bàbá kò mọ ẹnì kan yàtọ̀ sí ẹnì kejì. Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Fúnṣọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, wá lo họlidé láti Ìbàdàn. Àwa méjèèjì wọ oko koko Ìyá Adéọlá tó múlé tì wá, a já koko tó pọ́n, a fọ́ ọ, a mu omi rẹ̀, a sì da kóró rẹ̀ sínú igbó. Ẹni tó bá mọ ohun tí kóró koko jẹ́ fún opó á mọ̀ pé ohun tí a ṣe kò kéré. Bàbá ní kí á máa gbá àgbàlá obìnrin náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ títí họlidé á fi parí. Ìyá Fúnṣọ́ gbọ́, ó wọ mọ́tò wá láti Ìbàdàn, ó dé pẹ̀lú jígí dúdú lójú.

"Bàbá, Fúnṣọ́ ò gbálẹ̀ rí o. A ní ọmọ ọ̀dọ̀ nílé."

"Á kọ́ ọ."

"Ẹ ṣáà jẹ́ kí Ṣẹ́gun máa gbá a, kí Fúnṣọ́ jókòó tì í. Òun náà á mọ̀ pé wọ́n ń fìyà jẹ òun."

Bàbá wò ó láti orí jígí dé ẹsẹ̀. Ó ní: "Ìgbálẹ̀ méjì ni mo rà. Mi ò ra àga."

Ẹ má ṣe rò pé mo ń sọ ìtàn ẹni mímọ́ fún yín. Ó nira láti bá a gbé. Ẹnu rẹ̀ mú, ó sì máa ń fi imú dá àwọn tó ń ṣojú ayé lóhùn. Nígbà kan, àbúrò ìyá àgbà mi lu obìnrin kan ní ọjà, ó fọ́ eyín rẹ̀. Ẹjọ́ náà dé iwájú Bàbá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Oṣù tó ṣáájú, wọ́n ti rán alágbàṣe kan lọ sí ẹ̀wọ̀n ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nítorí irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn méjì yòókù ní kí àna Bàbá san owó ìtanràn kó máa lọ, wọ́n sì rò pé oore làwọn ń ṣe é. Bàbá yarí kanlẹ̀ títí wọ́n fi gbà. Iye ọ̀sẹ̀ tí alágbàṣe yẹn lò lẹ́wọ̀n ni àna rẹ̀ náà lò. Ìyá àgbà kò bá a sọ̀rọ̀ ní gbogbo àkókò lẹ́ńtì ọdún yẹn. Á gbé oúnjẹ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá bí ẹni ń bọ́ ajá, á yíjú padà, á máa lọ. Àwọn ará ilé rẹ̀ kò kí wa mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà wá bá Bàbá, ó ní kó lọ bẹ ìyàwó rẹ̀, ó sì béèrè bóyá ọ̀rọ̀ náà kò dùn ún.

Bàbá ní: "Ọbẹ̀ rẹ̀ ṣì ń dùn."

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe máa ń fojú tín-ín-rín ènìyàn, ẹ bá mi lọ sí ìgbà tí mo ń wá áí-tí. Mo ń kọ́ nípa òkúta àti ohun àlùmọ́ọ́nì ní pólì nígbà náà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó lè parí, ó gbọ́dọ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ kan fún oṣù díẹ̀, kó lọ fojú rí iṣẹ́ tó ń kà nínú ìwé. Áí-tí ni gbogbo wa ń pè é. Ilé-ìwé á fún ọ ní lẹ́tà kan, á sì tì ọ́ síta bí adìyẹ.

Mo rìn láti Ẹ̀fọ̀n dé Ìjerò, mo dé Adó, mo dé Ìbàdàn. Ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé-iṣẹ́ wọ̀nyẹn rí bákan náà: géètì gíga kan, sìkiọ́rítì kan tó ń jẹ ẹ̀pà, àti bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ oòrùn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó mú lẹ́tà lọ́wọ́ jókòó sí. Sìkiọ́rítì á gba lẹ́tà rẹ, á fi jókòó. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi, ó tẹ́ lẹ́tà àwọn ọmọ ọlọ́mọ sábẹ́ ìdí kí òkúta gbígbóná tó jókòó lé má baà jó o. Bí wọ́n bá jàjà jẹ́ kí o wọlé, obìnrin kan tó kun èékánná á béèrè lọ́wọ́ rẹ pé: "Ta ló rán ẹ wá?" Bí o bá ní ilé-ìwé ló rán ọ, á rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ìwé ló ń béèrè. Orúkọ bàbá ló ń béèrè, mi ò sì ní bàbá kankan tí orúkọ rẹ̀ lè ṣí ilẹ̀kùn.

Níkẹyìn, ilé-iṣẹ́ kan tó ń fọ́ òkúta lẹ́yìn òkè kan níbí gbà mí. Wọ́n kò ní san nǹkan kan, wọ́n sì sọ ọ́ bí ẹni pé èmi ló yẹ kí n sanwó fún wọn. Ní gbogbo ìgbà tí mo lò níbẹ̀, mi ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan. Mo ń fọ mọ́tò mánijà. Mo ń ra àkàrà fún akọ̀wé. Mo ń pọn omi sínú dọ́rọ́ọ̀mù. Bí mo bá délé, Bàbá á wà lórí àga rẹ̀.

"Ṣẹ́gun, kí lo kọ́ lónìí?"

"Mo fọ mọ́tò, Bàbá."

"Ti ta ni?"

"Ti mánijà."

Á ronú díẹ̀, á sì béèrè: "Ṣé òkúta wà nínú ẹ̀?"

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tún wà pẹ̀lú mi, Délé lorúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wà nínú ìjọba ní Adó. Délé kò jókòó lórí bẹ́ǹṣì rárá, bàbá rẹ̀ tẹ ẹnìkan láago ni. Àga rẹ̀ wà nínú ọ́fíìsì tí afẹ́fẹ́ tútù wà, ìgbà tó bá wù ú ló ń dé, sìkiọ́rítì tó fi lẹ́tà mi jókòó sì máa ń pè é ní "ọ̀gá kékeré". Kì í ṣe ọmọ burúkú. Ó máa ń fún mi ní búrẹ́dì. Mi ò ní ohunkóhun sí i, nítorí pé kò tilẹ̀ mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń fún òun yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ń fún mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọ̀gá tó ń bójú tó wa ní kí èmi àti Délé gbé àwọn kẹ́ẹ̀gì dísẹ́ẹ̀lì kan láti ilé ìkẹ́rùsí lọ sínú mọ́tò kan tó dúró lẹ́yìn ọgbà. Ọmọ áí-tí kì í béèrè ìdí. A gbé e. Nígbà tí ó yá, wọ́n rí i pé epo ti dín, ọ̀gá náà sì nawọ́ sí wa. Ó ní àwa la jí i. Àwọn ọlọ́pàá kó àwa méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá la ẹjọ́ kan náà sí méjì bí ẹni la búrẹ́dì, ti Délé lọ́tọ̀, tèmi lọ́tọ̀. Wọ́n ní kí á gbà pé a jẹ̀bi, pé ìyẹn ló máa mú un rọrùn. Délé gbà. Èmi náà gbà.

Ẹjọ́ Délé ló ṣáájú. Mánijà fúnra rẹ̀ wá, ó ní ilé-iṣẹ́ ti dárí jì í. Adájọ́ sọ fún un pé ọmọdé ni, pé ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ ṣì gùn, ó kìlọ̀ fún un, ó ní kó máa lọ sílé. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́. Mo rò pé bí tèmi náà ṣe máa rí nìyẹn. Ìyá mi ló gbọ́n jù mí lọ. Ó sáré lọ bá Bàbá, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, mo bẹ̀ yín. Ẹ bá wa lọ bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀yin nìkan la ní."

Bàbá kò ki pákò bọ ẹnu lọ́jọ́ yẹn, ìyá mi sọ fún mi. Ó kàn wo ilẹ̀. Ó ní: "Mo ti gbọ́, ìyàwó. Dìde."

Ní kóòtù, mi ò rí mánijà. Lọ́yà ilé-iṣẹ́ ló wá, ó ní olè ń pọ̀ jù láàárín àwọn ọ̀dọ́. Adájọ́ kan náà ló jókòó, kẹ́ẹ̀gì kan náà ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ láti sọ kí òun tó dá ẹjọ́. Bàbá dìde láàárín èrò. Gbogbo wa ń dúró kó dọ̀bálẹ̀. Mo ń gbàdúrà kó dọ̀bálẹ̀. Ó dúró ṣánṣán.

"Olúwa mi, mi ò wá bẹ̀bẹ̀. Ìbéèrè ni mo ní."

"Bàbá, ẹ sọ ọ́ ní kíá."

"Ọmọ tí ẹ ní kó máa lọ sílé níjọ́sí, kẹ́ẹ̀gì yìí náà ló gbé. Ohun tí ẹ fún un ni kí ẹ fún tèmi. Bí ẹ bá sì rí i pé ìyẹn kéré jù, ẹ pe tọ̀hún padà wá, kí ẹ fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀wọ̀n kan náà. Mi ò ní bínú."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ojú adájọ́ pọ́n. "Ẹ jókòó, Bàbá!"

"Mo ti jókòó rí. Irú àga yín yẹn náà ni mo jókòó sí."

Wọ́n mú un jáde. Ọdún méjì ni adájọ́ fún mi, ó ní kí ó lè jẹ́ ẹ̀kọ́ fún àwọn mìíràn. Mo ń ronú nípa ẹ̀kọ́ náà títí di òní. Ọjọ́ ọ̀la Délé gùn, tèmi kúrú, adájọ́ sì wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ojú lásán láti orí àga.

Mi ò ní sọ ohun tí ojú mi rí ní ọgbà ẹ̀wọ̀n. Àwọn kan tí a jọ wọlé kò jáde. Èmi jáde, ṣùgbọ́n mi ò tíì jáde tán. Bí ẹnìkan bá mi kọ́kọ́rọ́ lẹ́yìn mi, màá ti yíjú padà kí n tó mọ̀. Bí ọlọ́pàá bá dá ọ̀kadà dúró, mo máa ń sọ̀kalẹ̀ kó tó ní kí n sọ̀kalẹ̀. Mi ò padà sí pólì mọ́. Gbogbo ọjọ́ ìbẹ̀wò ni Bàbá wá. Á jókòó, á wò mí, á béèrè bóyá wọ́n ń jẹ́ kí n sùn. Èmi á dá a lóhùn lọ́rọ̀ kan. Ohun tí mo fẹ́ béèrè ni pé: kí ló máa ná yín, Bàbá, bí ẹ bá dọ̀bálẹ̀? Àyà yín kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, èmi á sùn nílé.

Mo béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo jáde. Mo ní: "Bàbá, bí ẹ bá bẹ̀ wọ́n ni, ṣé wọn ò ní gbọ́?"

Ó mú pákò, ó ki í bọ ẹnu.

Mi ò béèrè mọ́ láti ìgbà náà títí tó fi kú. Mo bọ́ ọ, mo wẹ̀ ẹ́ nígbà tí kò lè wẹ ara rẹ̀ mọ́, a jọ ń ṣàwàdà, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà wà láàárín wa bí ẹni kẹta. Mo gbà pé ó fẹ́ràn òtítọ́ rẹ̀ jù mí lọ. Mo sì ti pinnu pé bó ṣe máa rí nìyẹn.

Ní ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà rán èrò wá. Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n gbé kánópì tí orúkọ wọn wà lára rẹ̀ gàdàgbà wá sí ojúde wa. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dúdú dìde, ó pe Bàbá ní ọ̀rẹ́ àtàtà ilé-iṣẹ́ wọn, ó sì ní wọ́n ń fi gbogbo ọkàn ṣe ìtìlẹ́yìn fún àwọn ọ̀dọ́ agbègbè yìí. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Mo ti sọ fún yín pé ẹ̀rù máa ń bà mí.

Lẹ́yìn tí wọ́n jẹun tán, obìnrin kan tọ̀ mí wá. Ó ní Kẹ́mi ni orúkọ òun, tíṣà ni òun ní Ìjerò. Ó ní fọ́tò Bàbá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lójú títì ni òun rí tí òun fi wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin ni Ṣẹ́gun?"

"Èmi ni."

"Bàbá ní ká má jẹ́ kí ẹ gbọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá ti lọ báyìí." Ó wo kánópì náà, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Èmi náà wá áí-tí níbẹ̀ nígbà yẹn. A wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú géètì, àwa bíi mélòó kan. Bàbá dé láàárọ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí mánijà. Sìkiọ́rítì ní kí wọ́n lọ jókòó pẹ̀lú wa."

"Ọjọ́ wo nìyẹn?"

"Ó ku ọ̀la kí wọ́n dá ẹjọ́ yín. Wọ́n sọ fún wa. Wọ́n ní ọmọ àwọn ni wọ́n fẹ́ rán lọ sẹ́wọ̀n, pé mánijà ló lè dá a dúró tó bá sọ pé òun dárí jì í."

Mo jókòó sórí àga kan.

"Wọ́n jókòó títí di ìrọ̀lẹ́. Wọn ò mu omi. Nígbà tí jíìpù mánijà ń jáde, Bàbá dìde, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú mọ́tò náà, nínú eruku òkúta yẹn."

"Bàbá mi?"

"Bàbá yín. Mánijà yí gíláàsì wálẹ̀. Kò ju ọmọ ogójì ọdún lọ. Ó wò wọ́n, ó bi sìkiọ́rítì pé, 'Ṣé èyí náà ń wá áí-tí ni?' Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Awakọ̀ yí mọ́tò gba ẹ̀gbẹ́ wọn lọ."

Ó fa àga kan sún mọ́ tèmi.

"Bàbá ò dìde, ẹ̀gbọ́n. A kọ́kọ́ rò pé wọ́n ti dákú. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá ìdọ̀bálẹ̀ wọn lóhùn ni. Wọ́n ń dúró kí ẹnìkan ní kí àwọn dìde, bí a ṣe ń ṣe é nílé."

"Ta ló wá ní kí wọ́n dìde?"

"Àwa ni," ó ní. "Àwa tí a wà lórí bẹ́ǹṣì. A kúnlẹ̀ yí wọn ká, a ń sọ pé, 'Ẹ dìde, Bàbá. Ẹ dìde o, Bàbá wa.'"